Iṣẹ́ abẹ ikùn fún ọmọ ọdún 15: ṣé ká dúró kó pé 18?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Houston

Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 15, BMI rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n ìwúwo sí gíga ara, sì ti wọ 44. Dókítà ní ṣúgà ti ń gòkè nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kò tíì di àtọ̀gbẹ, àmọ́ ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Tó bá sùn lálẹ́, á máa hanrun, èémí rẹ̀ á dá dúró, á tún ta gìrì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti fún un ní ẹ̀rọ tó ń fi sí imú sùn. A ti ṣe ti oúnjẹ, a ti ṣe ti eré ìdárayá. Ní báyìí wọ́n ní ká lọ rí oníṣẹ́ abẹ tí yóò gé lára ikùn rẹ̀ kúrò. Bàbá rẹ̀ ní ká dúró kó pé 18, kó lè fẹnu ara rẹ̀ yàn. Ìyá mi ní Abẹ́òkúta ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi abẹ kan ọmọ òun torí pé ó sanra. Ìnṣọ́ránsì tiẹ̀ ti kọ̀wé pé àwọn ò ní sanwó nítorí kò tíì pé 18. Ṣé kí n jà fún un, àbí kí n kà á sí àmì pé ká sinmi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀ ni kó dá mi lóhùn. Èébú ti tó mi nílé.

* * *

Ìdáhùn

Ẹ jà fún un, mà. Lẹ́tà ìnṣọ́ránsì kì í ṣe àmì kankan. Ẹni tó kọ ọ́ kò fojú kan ọmọ yín rí. Ọ̀rọ̀ owó ni, màá sì padà sórí ẹ̀ nísàlẹ̀ torí ọ̀nà wà.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Maryland, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ìsanra wọn ti di àìsàn. Èmi kọ́ ni mò ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Tèmi ni kí n múra ọmọ sílẹ̀ kó tó wọlé, kí n sì máa bá a lọ nígbà tó bá jáde, nítorí náà ohun tí mo mọ̀ jù ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé lẹ́yìn tí gbogbo ẹbí ti kí ọmọ kú ewu tán.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti bàbá ọmọ, torí òun lọ́rọ̀ rẹ̀ jọ ọgbọ́n jù. Ó ní kó pé 18. Òfin ló mọ 18, ara ò mọ̀ ọ́n. American Academy of Pediatrics, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ti sọ ní 2019 pé kí wọ́n má ṣe fi ọjọ́ orí nìkan lé ọmọ sẹ́yìn. Nígbà tó di oṣù kìíní 2023, wọ́n kọ ọ́ sínú ìlànà ìtọ́jú wọn pé ọmọ tó bá ti pé 13, tí ìsanra rẹ̀ sì ti le gan-an, kí dókítà rẹ̀ fi í ránṣẹ́ síbi tí wọ́n á ti yẹ̀ ẹ́ wò fún iṣẹ́ abẹ. Òṣùwọ̀n tí wọ́n là sílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ náà ni BMI 40 sókè, tàbí 35 sókè bí àìsàn mìíràn bá ti bá a rìn: àtọ̀gbẹ, èémí tó ń dá dúró lójú oorun, ọ̀rá tó ti wọ ẹ̀dọ̀, eegun ẹsẹ̀ tó ti ń tẹ̀ nítorí ìwúwo. Ọmọ yín wà ní 44, èémí rẹ̀ sì ń dá dúró. Ọ̀nà méjèèjì ló gbà wọlé.

Ọdún mẹ́ta tí bàbá rẹ̀ fẹ́ dúró yẹn, nǹkan yóò máa ṣẹlẹ̀ nínú ara ọmọ yìí ní gbogbo àkókò náà. Àtọ̀gbẹ tó bá mú èèyàn ní kékeré máa ń le ju èyí tó mú un lágbà lọ. Ìwádìí kan wà tí wọ́n ń pè ní TODAY, tó tẹ̀lé àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà tí àtọ̀gbẹ oríṣi kejì mú. Nígbà tí wọ́n fi máa tó nǹkan bí ọmọ ọdún 26, mẹ́fà nínú mẹ́wàá wọn ni àìsàn náà ti ba nǹkan kan jẹ́ lára wọn, ìbáà jẹ́ ojú, kíndìnrín tàbí iṣan ìmọ̀lára. Ẹni ọdún 26 o! Ìgbà tó yẹ kó máa wá iṣẹ́, kó máa múra ìgbéyàwó.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀. Ìwádìí Teen-LABS kó ọ̀dọ́ 242 jọ ní ilé ìwòsàn márùn-ún ní Amẹ́ríkà láàárín 2007 sí 2012, ọmọ ọdún 13 sí 19, tí gbogbo wọn ṣe iṣẹ́ abẹ yìí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìwúwo wọn ti fi ìdá 27 nínú 100 wálẹ̀. Nínú àwọn tí àtọ̀gbẹ ti mú tẹ́lẹ̀, ó kúrò lára 95 nínú 100. Àwọn tó wà níbi tí ọmọ yín wà gan-an, tí ṣúgà wọn ń gòkè ṣùgbọ́n tí kò tíì di àtọ̀gbẹ, ó padà sípò fún 76 nínú 100. Ní 2019, àwọn olùwádìí kan náà wá fi àwọn ọ̀dọ́ yìí wé àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti sanra láti ọmọ ọdún 18, ṣùgbọ́n tí wọ́n dúró di àgbà kí wọ́n tó ṣe é. Ìwúwo tó wálẹ̀ lára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Àtọ̀gbẹ ńkọ́? Ó kúrò lára 86 nínú 100 àwọn ọ̀dọ́, àti 53 péré nínú 100 àwọn àgbà. Ẹ̀jẹ̀ ríru: 68 sí 41. Iṣẹ́ abẹ kan náà ni wọ́n ṣe. Àwọn àgbà ti pẹ́ jù ni.

* * *

Sí àwọn tó ní kí ìyá ti fìríìjì pa

Ẹ̀yin tó kọ èsì sábẹ́ ìbéèrè ìyá yìí pé kó kàn dín oúnjẹ ọmọ kù ti pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni mo sì máa fèsì sí i. Ẹnì kan ní kí wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ. Ẹnì kan ní ààwẹ̀ ló máa wò ó. Ẹ̀gbọ́n kan ní nígbà tí àwọn wà ní Ìjẹ̀bú, ẹsẹ̀ làwọn fi ń rìn lọ sílé ẹ̀kọ́, kò sì sẹ́ni tó sanra nínú kíláàsì.

Mi ò ní bá ẹ̀gbọ́n jiyàn lórí Ìjẹ̀bú ìgbà náà. Ọmọ tí a ń sọ yìí ò gbé níbẹ̀. Houston ló ń gbé, níbi tí kò ti sí ọ̀nà ẹsẹ̀ lójú títì púpọ̀, tí ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń wá gbé e lẹ́nu ọ̀nà. Àti pé nígbà tí ìsanra bá ti dé ibi tó dé yìí, ara fúnra rẹ̀ ló ń gbèjà rẹ̀. Tí ọmọ bá dín oúnjẹ kù, ebi rẹ̀ á le sí i, ara rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ agbára ná. Ìwà ọ̀lẹ kọ́ ni.

Ìtọ́jú tó dá lórí oúnjẹ àti ìrìn kì í ṣe asán, ìlànà 2023 yẹn pàápàá ní kí gbogbo ọmọ gbà á, ó kéré tán wákàtí 26 pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta sí ọdún kan. Ṣùgbọ́n kí a má tan ìyá yìí jẹ pé ìyẹn nìkan á mú 44 wálẹ̀ dé ibi tó yẹ. Àwọn ará Sweden ṣe ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní AMOS. Ọ̀dọ́ 81 ṣe iṣẹ́ abẹ, àwọn 80 mìíràn gba ìtọ́jú lásán. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, BMI àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ ti fi 13 wálẹ̀. Ti àwọn yòókù gòkè sí i ní nǹkan bí 3. Nígbà tó yá, ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn tí kò kọ́kọ́ ṣe é lọ ṣe iṣẹ́ abẹ náà fúnra wọn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń dùn mí. Àwa náà la máa ń yin ọmọ ọdún mẹ́ta pé ó rí rọ̀bọ̀tọ̀, ìyá rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀, ẹ fún un ní ẹran sí i. Tó bá di ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ẹnu kan náà la fi ń bú u lójú agbo pé kó lọ dín ara kù. Mo ti rí ọmọ tí kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ nítorí ohun tí àwọn àǹtí ń sọ sí i tí wọ́n bá dì mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ọmọ yìí sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ wa.

* * *

Abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ńkọ́?

Ìbéèrè tó dáa. Wegovy, tí orúkọ oògùn inú rẹ̀ ń jẹ́ semaglutide, gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà fún ọmọ ọdún 12 sókè ní oṣù Kejìlá 2022. Nínú ìwádìí tí wọ́n fi gbà á, BMI àwọn ọ̀dọ́ tó gba abẹ́rẹ́ náà fi ìdá 16 nínú 100 wálẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 68. Ìyẹn ò kéré rárá, àwọn ọmọ kan wà lọ́dọ̀ wa tí ó ti tó fún wọn.

Àmọ́ tí a bá bẹ̀rẹ̀ láti 44, ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣírò rẹ̀: ìdá 16 kúrò nínú rẹ̀, ó ṣì kù bíi 37. Ẹni tó bá sì dá abẹ́rẹ́ dúró, ìwúwo náà máa ń padà. Oṣooṣù ni wọ́n ń sanwó rẹ̀, ìnṣọ́ránsì tó san án lọ́dún yìí lè má san án lọ́dún tó ń bọ̀. Lójú tèmi, ká má fi abẹ́rẹ́ àti abẹ ṣe ọ̀tá ara wọn. Ọmọ lè lo abẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ bá ń bá ìnṣọ́ránsì fà á, ó sì lè nílò rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ bí ìwúwo bá tún fẹ́ gòkè. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ dá ọmọ dúró títí ẹnu ọ̀nà yóò fi tì.

* * *

Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an, kí ló sì lè bàjẹ́?

Ìyá kan tó ní kí n má fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó fún òun, ẹ jókòó, èyí gùn díẹ̀.

Èyí tí wọ́n ń ṣe jù fún ọ̀dọ́ nísinsìnyí ni wọ́n ń pè ní sleeve. Wọ́n á gba ojú ihò kéékèèké wọlé, wọ́n á gé bí ìdá 80 nínú 100 ikùn kúrò, èyí tó kù á tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Kì í ṣe pé àyè oúnjẹ dín kù nìkan. Ibi tí wọ́n gé kúrò ni ara ti ń ṣe púpọ̀ jù lọ nínú ohun tó ń rán ebi sí orí, ìdí nìyẹn tí ebi fi máa ń rọlẹ̀. Èkejì ni bypass: wọ́n á ṣe àpò kékeré kan sókè ikùn, wọ́n á sì so ó tààrà mọ́ ìfun. Ti ìdè tí wọ́n ń so mọ́ ikùn, kò ní ìwé àṣẹ fún ẹni tí kò pé 18 ní Amẹ́ríkà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín.

Ewu rẹ̀. Nínú Teen-LABS, kò sí ọmọ kankan tó kú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ní ìṣòro ńlá láàárín àkókò yẹn, bí ikùn tó jò tàbí èyí tó béèrè pé kí wọ́n tún padà sí yàrá iṣẹ́ abẹ. Ní Sweden, ìdá kan nínú mẹ́rin ló tún ṣe iṣẹ́ abẹ mìíràn nínú ikùn láàárín ọdún márùn-ún, òmíràn nítorí òkúta inú òróòro. Nínú ọ̀dọ́ 161 tí wọ́n ṣe bypass ní Amẹ́ríkà tí wọ́n fi wé àwọn àgbà lẹ́ẹ̀kan, mẹ́ta kú láàárín ọdún márùn-ún, ikú méjì nínú rẹ̀ sì jọ ti oògùn olóró tí wọ́n lò kọjá ààlà. Èyí ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọn pé onímọ̀ nípa ọpọlọ gbọ́dọ̀ wà nínú àwọn tó ń tọ́jú ọmọ náà, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kí wọ́n lè fọwọ́ sí ìwé. Bypass tún máa ń jẹ́ kí ọtí yára gun èèyàn lórí. Ọmọ tó ń lọ yunifásítì gbọ́dọ̀ gbọ́ ìyẹn kó tó lọ.

Èyí tí mo ń bá jà lójoojúmọ́ ni ti iron, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, iron ti lọ sílẹ̀ lára 48 nínú 100 àwọn ọ̀dọ́ yẹn, tí ti àwọn àgbà jẹ́ 29. Ọmọbìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù ló máa ń kọ́kọ́ rí i: àárẹ̀, irun tó ń re, kó máa wá yìnyín jẹ ní gbogbo ìgbà. Fítámìn àti èròjà ara, dandan ni: iron, kálísíọ́ọ̀mù, B12, D, lójoojúmọ́ ayé rẹ̀. Ọmọ ọdún 15 kì í fẹ́ gbé oògùn mì tí ara rẹ̀ bá ti yá, á ní kò ṣe òun ní nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ máa dúró tì í, kó gbé e mì lójú yín.

Oyún. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá kì í fẹ́ gbọ́ ọ, wọ́n á ní ọmọ wọn ò mọ ọkùnrin. Ìyá mi, ẹ gbọ́ ọ síbẹ̀. Tí ìwúwo bá ń wálẹ̀, nǹkan oṣù tó ti ń ségesège á padà bọ̀ sípò, obìnrin á sì tètè lóyún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oyún láàárín ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀ àkọ́kọ́ léwu fún ìyá àti ọmọ inú rẹ̀ torí ara ò tíì ní èròjà tó tó. Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tí wọ́n ń gbé mì lè má ṣiṣẹ́ dáadáa lẹ́yìn bypass. Ẹ jẹ́ kí dókítà bá a sọ ọ́, kí ẹ sì jáde kúrò nínú yàrá fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ fún yín pé ó parí síbẹ̀. Àbájáde ọdún mẹ́wàá láti ọ̀dọ̀ àwọn olùwádìí Teen-LABS jáde ní 2024: lára ọ̀dọ́ 260, BMI ṣì wà ní ìdá 20 nínú 100 nísàlẹ̀ ibi tó wà tẹ́lẹ̀, àtọ̀gbẹ sì kúrò lára 55 nínú 100. Ó dín kù sí ti ọdún mẹ́ta. Síbẹ̀, mi ò mọ oògùn kan tàbí ètò oúnjẹ kan tó lè fi ọdún mẹ́wàá dá irú èyí mọ́wọ́ dúró fún ọ̀dọ́.

* * *

Oúnjẹ wa ńkọ́? Ṣé kò ní jẹ iyán mọ́?

Á jẹ ẹ́, ní ìwọ̀nba, tó bá yá. Ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, a máa ń fún ọmọ ní ife kékeré tí wọ́n fi ń wọn oògùn olómi, èyí tó ń gba mílílítà 30. Omi inú rẹ̀ ni yóò máa fi ètè kàn títí bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn ìyá wa máa ń dì mọ́ irin ibùsùn tí wọ́n bá rí i. Lẹ́yìn náà ni ọbẹ̀ olómi àti mílíìkì elérò purotéènì, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, kó tó kan oúnjẹ lílọ̀, kó tó wá kan èyí tó rọ̀.

Ibi oúnjẹ lílọ̀ ni tiwa ti dáa ju ti òyìnbó lọ. Ẹ̀wà tí wọ́n bó èèpo rẹ̀ tí wọ́n lọ̀ kúnná, mọ́ínmọ́ín rírọ̀ tí kò ní epo púpọ̀, ẹja tí wọ́n fọ́ sínú ewédú. Purotéènì ló ń kọ́kọ́ jẹ, kí ohun mìíràn tó tẹ̀ lé e. Ìṣòro ni òkèlè. Ẹ̀bà àti iyán máa ń wú, wọ́n sì máa ń há, ẹni tó bá gbé e mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu bí a ṣe kọ́ wa láti kékeré, á bì í padà. Omi kò gbọdọ̀ bá oúnjẹ lọ. Kó mu ún tó bá di ìdajì wákàtí lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà lọ́dọ̀ wa, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ó lọ sí òde ìgbéyàwó pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ ní oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn tó ṣe é. Wọ́n gbé ìrẹsì àti itan adìyẹ síwájú rẹ̀. Ó ya ẹran díẹ̀ jẹ, ó sì ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àǹtí kan bẹ̀rẹ̀: ṣé oúnjẹ mi ò dùn ni, ṣé wọ́n ti sọ ẹ́ di òyìnbó ni? Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ ò bínú, ó kàn gbé àwo ọmọ náà sórí tirẹ̀, ó ní, "Àǹtí, dókítà ló ń ṣọ́ ohun tó ń jẹ, ẹ bá mi dì í, ilé la ti máa jẹ ẹ́." Ó ti dá gbólóhùn yẹn mọ sílẹ̀ kó tó kúrò nílé. Ẹ̀yin náà, ẹ dá tiyín mọ. Kò pọn dandan kí gbogbo ẹbí mọ̀ pé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Àṣírí ọmọ náà ni, òun ló máa yan ẹni tó máa sọ fún.

* * *

Sí arákùnrin tó kọ̀wé láti Peckham ní London

Ó ní dókítà wọn sọ fún òun pé Bìrìtìkó kì í ṣe é fún ọmọdé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀. Ìlànà NICE, àjọ tó ń la ìlànà ìtọ́jú sílẹ̀ níbẹ̀, sọ pé iṣẹ́ abẹ yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n á máa ṣe fún àwọn ọ̀dọ́, àfi bí ọ̀ràn náà bá ṣàrà ọ̀tọ̀, tí ara ọmọ sì ti dàgbà tán tàbí tó kù díẹ̀. Ẹ rí i pé kò ní rárá pátápátá. Láti 2021, NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, ti dá àwọn ẹ̀ka ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ìsanra ti kó àìsàn bá. 15 ni wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀, wọ́n sì kéde lẹ́yìn náà pé àwọn á sọ ọ́ di 30. Ẹ bi dókítà yín bí wọ́n ṣe ń fi ọmọ ránṣẹ́ síbẹ̀, kì í ṣe sí ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ. Láti inú ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pinnu bóyá ti ọmọ yín ṣàrà ọ̀tọ̀.

Lójú tèmi, ilẹ̀kùn Bìrìtìkó dín jù. Ní England, ó ju ẹyọ kan lọ nínú ọmọ márùn-ún tó ti sanra àsanjù kó tó kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àárín àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ló sì ti wọ́pọ̀ jù. Tí ọ̀rọ̀ bá wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ta ló tún ṣàrà ọ̀tọ̀?

* * *

Lórí owó: padà sí Houston

Ohun tó ṣe yín yìí ti ṣe ọ̀pọ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2014 fi hàn pé kò tó ìdajì àwọn ọ̀dọ́ tó yẹ fún iṣẹ́ abẹ yìí tí ìnṣọ́ránsì gbà fún ní ìgbà àkọ́kọ́, ohun tí wọ́n sì ń sọ jù ni pé ọjọ́ orí wọn ò tíì tó. Àwọn tó rẹ̀, wọ́n á lọ sílé. Àwọn tó tún kọ̀wé, ọ̀pọ̀ wọn rí i gbà.

Ẹ wo ta ló ń rẹ̀. Láàárín 2017 sí 2020, ìsanra àsanjù wà lára nǹkan bí 25 nínú 100 ọmọ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, àti nǹkan bí 17 nínú 100 ọmọ aláwọ̀ funfun. Síbẹ̀, nínú Teen-LABS, 72 nínú 100 ni aláwọ̀ funfun. Ọmọ tiwa ń ṣàìsàn jù, ọmọ ẹlòmíràn ń rí ìtọ́jú gbà. Ohun tó ń bí mi nínú jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí nìyẹn, mi ò sì ní dákẹ́ nípa rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ wá ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí lẹ́tà. Ẹ ní ọjọ́ 180 láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì fúnra rẹ̀. Tí wọ́n bá tún kọ̀, ẹ lè ní kí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn yẹ̀ ẹ́ wò, oṣù mẹ́rin lẹ ní fún ìyẹn. Ẹ ní kí dókítà ọmọ kọ lẹ́tà tó mẹ́nu kan ìlànà 2023 ní orúkọ, pẹ̀lú àbájáde àyẹ̀wò oorun rẹ̀, èsì ṣúgà rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń wò ó, àti gbogbo ohun tí ẹ ti gbìyànjú pẹ̀lú oṣù àti ọdún rẹ̀. Kó sì ní kí òun bá dókítà iléeṣẹ́ náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń yanjú.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ka ìwé ìnṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ bàbá ọmọ. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ò san owó iṣẹ́ abẹ ìsanra fún ẹnikẹ́ni rárá, ìjà náà á le gan-an, ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ lọ bá.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lórí Medicaid, ìnṣọ́ránsì ìjọba fún àwọn tí owó wọn kò tó, òfin ìjọba àpapọ̀ wà fún yín tí wọ́n ń pè ní EPSDT: ọmọ tí kò tíì pé 21, ìtọ́jú tó bá pọn dandan fún un, Medicaid gbọ́dọ̀ san án. Ẹ kọ lẹ́tà márààrún yẹn sínú ìwé ẹjọ́ yín.

* * *

Ẹni tó ní ká gbé ọmọ lọ sí Èkó ṣe é

Wọ́n ń ṣe é nílé ìwòsàn aládàáni ní Èkó àti Àbújá, owó àpò ni, mi ò sì ní kí n bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn oníṣẹ́ abẹ wa. Ohun tí mò ń sọ ni ti oṣù kẹta, oṣù kẹfà, ọdún kejì. Ta ló máa gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ yẹn ní Houston tí ẹ bá padà dé? Bí ikùn bá dí lọ́sẹ̀ kẹta, ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ṣe ní inú rẹ̀ ni ẹ máa gbé e lọ lóru. Àgbàlagbà tó ń gbé ní Èkó lè ṣe é ní Èkó. Ọmọ Houston, kó ṣe é síbi tí ilé rẹ̀ wà. Bí ó ṣe rí náà nìyẹn fún àwọn tó ń gbé ọmọ lọ sí òkè òkun mìíràn torí owó ibẹ̀ kéré.

Sí Màmá wa ní Abẹ́òkúta: Mà, ẹ̀rù yín tọ́. Ẹ kàn fẹ́ kí ara ọmọ náà pé nígbà tó bá padà sílé. Tí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń mí lóru, ẹ máa mọ̀ pé ewu ti wà nínú ilé kí abẹ tó dé rárá. Ohun tí mo lè bẹ̀ yín fún ni kí ẹ máa pè é, kí ẹ sì má bi í bóyá ó ti jẹun.

* * *

Ohun tó kù nínú ọ̀rọ̀ bàbá ọmọ

Wọ́n bi mí bóyá mo ti sọ pé bàbá kò mọ nǹkan kan. Rárá o. Apá kan wà tó tọ̀nà púpọ̀: kí ọmọ fẹnu ara rẹ̀ yàn. Kò nílò pé ó pé 18 kó tó lè ṣe é. Òbí ló ń fọwọ́ sí ìwé, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní gé ọmọ tí kò fẹ́. A ti sún ọjọ́ síwájú lọ́dọ̀ wa rí torí ọmọ sọ fún mi, nígbà tí ìyá rẹ̀ lọ gbé ọkọ̀, pé òun ń ṣe é kí wọ́n lè dákẹ́ nílé. Ọ̀dọ̀ onímọ̀ ọpọlọ ló ti kọ́kọ́ lo oṣù díẹ̀, ó padà wá fúnra rẹ̀, ó sì ní òun ti ṣetán.

Nítorí náà, mà, kí ẹ tó kọ lẹ́tà sí ìnṣọ́ránsì, ẹ bi ọmọ yín. Kí bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Kó sọ ohun tó ń fẹ́ kí ara rẹ̀ lè ṣe, kó sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, kí ẹ má sì dá a lẹ́nu.

Ní ilé ìwòsàn tí wọ́n bá rán yín lọ, ẹ bi wọ́n pé ọmọ mélòó tí kò tíì pé 18 ni wọ́n ń ṣe fún lọ́dún. Ẹ béèrè bóyá onímọ̀ oúnjẹ, onímọ̀ ọpọlọ àti dókítà ọmọdé wà nínú ilé kan náà. Ẹ béèrè ta ló ń pe ọmọ tí kò wá gba ẹ̀jẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, àti ta ni wọ́n máa fà á lé lọ́wọ́ nígbà tó bá lọ yunifásítì ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Bí wọ́n bá ní ọdún kan làwọn fi ń tọ́ ọmọ lẹ́yìn, ẹ wá ibòmíràn.